Bàbá Rẹ Ti Di Àwòṣífìlà ní Hin Dam

Abúlé Hin Dam,
Létí Òkun,
Oṣù Kejì.

Kung ọmọ mi,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ lórí ìjókòó, má wulẹ̀ dìde. Bó bá sì bá ọ lórí ìrìn, wá ibi kan fìdí lé, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọjá èyí tí ènìyàn ń kà lórí ìdúró. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ṣé ooru Bangkok ò tí ì sọ ọ́ di ẹja yíyan? Kí gbogbo ohun mímọ́ tó wà láyé máa rìn níwájú rẹ, kí wọ́n sì máa rìn lẹ́yìn rẹ, kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ má ṣe rí ọ fín. Ní tèmi, ara mi le bí okùn ọkọ̀ tuntun. Orúnkún tó ń dùn mí nígbà kan ti rántí pé èmi ni mo ni òun, ó ti ń gbọ́ràn.

Ìbéèrè rẹ dé ọwọ́ mi. O ní kí n kó kúrò létí òkun kí n wá máa bá ọ gbé ní àjà kọkàndínlógún, o ní láti ìgbà tí mo ti yọ̀ ṣubú nínú ọkọ̀ lákòókò òjò lo ò ti sùn dáadáa mọ́, o sì ní kí n fèsì bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n má máa lọ́ ọ̀rọ̀ po bí mo ṣe máa ń ṣe. N ó fèsì. N kò ní gbé bírò sílẹ̀ láìfèsì. Ṣùgbọ́n ohun kan ti ṣẹlẹ̀ níbí tó yẹ kí o kọ́kọ́ gbọ́, torí nǹkan ò rí bí o ṣe fi í sílẹ̀ mọ́. Bàbá rẹ ti di ohun tí wọ́n ń wá wò.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. O rántí Sangiam, opó tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi? Ó ra fóònù kan tó fẹ̀ bí àwo, ló bá ya àtẹ tí mo fi ń sá ẹja tàdáwà ní fọ́tò, ẹja tó máa ń pọ dúdú sí ọ láṣọ ilé ẹ̀kọ́ nígbà kan yẹn. Ó fi í sínú máàpù fóònù, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Ẹja Gbígbẹ Bàbá Jamnong, Ohun Wíwò. Mo ní ta ló rán an níṣẹ́. Ó ní kí àwọn oníbàárà lè mọ ọ̀nà wá sídìí iná òun ni, ṣùgbọ́n òun ya iná òun títí, kò dára, tèmi ló lẹ́wà nínú fọ́tò. Kung, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́! Ẹnu kan náà tó fi ń pe àtẹ mi ní àkísà láti ọjọ́ yìí wá.

Láti ìgbà náà ni àwọn àlejò tó ń dé sí hòtẹ́ẹ̀lì ńláńlá nínú ìlú kò ti jẹ́ kí n rímú mí, inú mi sì ń dùn sí i. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá ti gun ẹṣin létí òkun, tí wọ́n wo ibùdó reluwé àtijọ́, tí àwọn ọ̀bọ orí òkè tẹ́ḿpìlì ti já ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbà lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n jẹun lọ́jà alẹ́ títí ikùn wọn fi le, ó parí, wọ́n á padà sílé wọn. Nísinsìnyí, ẹni tí kò bá tí ì rí bàbá rẹ, kò tí ì dé ìlú wa. Obìnrin kan tó wà nínú fóònù ló ń mú wọn wá. Ohùn rẹ̀ tutù, kò sí ọ̀nà tí kò mọ̀, kì í sì í bínú bí wọ́n bá ṣìnà. Bí wọ́n bá ti dé iwájú àtẹ, á ní wọ́n ti dé ibi tí wọ́n ń lọ. Mo máa ń kí i kú iṣẹ́. Kò dá mi lóhùn rí, bóyá nítorí pé ó láwọn ẹlòmíràn tó ń mú lọ síbòmíràn ni, ṣùgbọ́n ìdílé tó bá fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣaya ti ṣe oríire.

Wọ́n máa ń dúró wo bí mo ṣe ń yí ẹja padà lójú oòrùn, èmi náà sì máa ń kọ́ wọn. Obìnrin kan tó wá láti ilẹ̀ oníyìnyín yí odidi àtẹ kan fún mi. Mo ní kó má tẹ̀ ẹ́ níkùn, kó rọra gbé e bí ọmọ tuntun, ó sì gbọ́ mi yéké láìgbọ́ èdè mi. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó na ọwọ́ sí iná aláwọ̀ ewé tó tò lọ lójú òkun, ó ń ya fọ́tò rẹ̀ bí ẹni rí iṣẹ́ ìyanu. Mo fi ọwọ́ ṣàlàyé fún un pé ọkọ̀ wa ni, pé iná yẹn la fi ń pe ẹja, àti pé ọ̀kan nínú iná wọ̀nyẹn jẹ́ tèmi rí. Ó yí fóònù padà, ó ya èmi náà.

Bí wọ́n bá ti wò mí tán, wọ́n á fún mi ní ìràwọ̀ nínú fóònù. Sangiam ló ń kà á fún mi. Ẹni tó bá mọyì wúrà á fún mi ní márùn-ún. N kò mọ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bá wa tọ́jú ìràwọ̀ náà, ṣùgbọ́n wọ́n mọṣẹ́, torí ọ̀kan ò sọnù rí. Mo wá rò ó pé ohun tí àjèjì bá fi inú dídùn fúnni nítorí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni, kí ni a ń pè é bí kì í bá ṣe èrè iṣẹ́ rere, èyí tí a lè fi ta òkú ẹni lọ́rẹ? Ni mo bá wẹ̀, mo wọ ẹ̀wù funfun, mo gba tẹ́ḿpìlì lọ, mo ní kí àlùfáà àgbà bá mi fi gbogbo ìràwọ̀ náà ránṣẹ́ sí ìyá rẹ. Mo rọra ń da omi bí a ṣe ń dà á fún òkú, mo dárúkọ Lamduan ìyàwó mi, mo sì dárúkọ gbogbo àwọn tó fún mi ní ìràwọ̀ tí ahọ́n mi lè gbé. Àlùfáà àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Ó ní òun ò gbọ́ ọ rí pé ìràwọ̀ fóònù ń dé ọ̀dọ̀ òkú, ṣùgbọ́n kí n dà á tán, ọkàn tí mo fi ń dà á á dé ibẹ̀. Nítorí náà, níbi tí ìyá rẹ wà báyìí, ìràwọ̀ èjìká rẹ̀ ju ti ọ̀gágun lọ.

Ọkùnrin kan fún mi ní méjì péré. Ó ní ibẹ̀ ń rùn, ó tún ní ajá ń wo òun. Sangiam gbaná jẹ, ó fẹ́ fi fóònù bú u. Mo ní rárá, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó hàn gbangba pé ọkùnrin náà ti ná ìràwọ̀ rẹ̀ tán ní tẹ́ḿpìlì àti lọ́jà alẹ́, méjì tó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ ló kó fún mi yẹn, ẹni tó bá sì fún ọ ní gbogbo ohun tó ní, a kì í bú u. Ti pé ibẹ̀ ń rùn, ẹja tí kò bá rùn, àìsàn ló ń ṣe é. Ti ajá, ṣé kó dijú ni?

Ọ̀rọ̀ báǹkì tí àwọn oníbàárà fi ń sanwó láìmú owó dání ti yé mi. Inú bébà kékeré kan tí Sangiam lẹ̀ mọ́ ara garawa mi, tó rí bí ẹni da ata dúdú sórí aṣọ funfun, ló ń gbé. Oníbàárà á na fóònù sí i, á tẹrí ba díẹ̀, owó á wọlé. Nígbà tí mo rí i pé tolówó tòtòṣì ló ń tẹrí ba fún un, mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí a ń lẹ̀ mọ́ ara garawa. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kékeré tí a kọ́ fún àwọn alálẹ̀, mo sì ń ṣí ẹlẹ́rìndòdò pupa kan síwájú rẹ̀ láràárọ̀. Láti ìgbà náà, kò kọ owó ẹnikẹ́ni. Mo ní kí Sangiam bá mi ṣe fótókọ́pì rẹ̀ kí a lè ní báǹkì púpọ̀, ó ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn á máa jẹ́. Ó ní Bàbá Kung, orí yín ti gbẹ ju ẹja yín lọ. Mo ní tirẹ̀ ńkọ́, tó ti ń yan lójú iná láti àárọ̀?

Ó yá, ìbéèrè rẹ. Mo ti rí fọ́tò yàrá tí o fi ránṣẹ́. Ó dára. Ibùsùn fẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀, fèrèsé rẹ̀ tóbi ju ilẹ̀kùn wa lọ. Mo fi han Sangiam, mo fi han àlùfáà àgbà, mo fi han obìnrin ilẹ̀ oníyìnyín, mo ní ọmọ mi ló ni ín, ọmọ èmi tó ń sá ẹja. Orí mi wú. Ṣùgbọ́n mo wo ìta fèrèsé náà títí, ilé ẹlòmíràn nìkan ni mo rí.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni èsì mi, Kung. Má sunkún. Nípa ìṣubú, mo ti ta ẹ̀rọ ara ọkọ̀, n kò wọ òkun mọ́, àwọn ọlọ́kọ̀ ló ń gbé ẹja wá bá mi létí omi. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo ṣe é kí o lè sùn. Kíkó kúrò níbí ni n kò lè ṣe. Àwọn àlejò ní ohun tí wọ́n ń wá wò, èmi náà ní tèmi. Ibi tí èmi àti ìwọ ti da eérú ìyá rẹ sójú omi, tí òdòdó ń léfòó tẹ̀ lé e, iwájú àtẹ mi gan-an ni. Kò sí nínú máàpù, mo sì ti kìlọ̀ fún Sangiam kó má fi í síbẹ̀. Láràárọ̀ tí mo bá ń sá ẹja, mo máa ń kí i, mo máa ń ròyìn rẹ fún un. Bí mo bá wá gun àjà kọkàndínlógún, ta ni yóò máa sọ fún un bí o ṣe ń ṣe sí?

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Ọkọ̀ wa tó wà lórí iyanrìn ni wọ́n fẹ́ràn láti yà ní fọ́tò jù, ọ̀dà ara rẹ̀ sì ti ń bó, kò sì yẹ kí ohun wíwò máa bó lára. Owó ọ̀dà búlúù àti pupa ni, àti ti àga rọ́bà mélòó kan, torí àwọn arúgbó inú wọn ń dúró pẹ́. Bí o bá fẹ́ fi í ránṣẹ́, tẹrí ba dáadáa kí ó má lọ wọ báǹkì ẹlòmíràn.

Kí o dàgbà ju ìyá rẹ lọ, kí ọwọ́ rẹ má ṣófo, kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Lánàá, mo ní kí Sangiam ka orúkọ gbogbo àwọn tó ti wá wò mí. Ó kà á títí ohùn rẹ̀ fi há. Ará ilẹ̀ oníyìnyín wà níbẹ̀, àwọn tí n kò mọ ibi tí ìlú wọn wà pọ̀ níbẹ̀, ẹni tó fún mi ní méjì náà wà níbẹ̀. Mo ní kó tún un kà, bóyá ó fo ẹnì kan. Ó wò mí, ó sì tún un kà. Kung, Songkran, ọdún tuntun wa tí ọmọ fi ń bu omi sọ́wọ́ òbí rẹ̀ gbàre, ti lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tó jẹ́ pé ọmọ ọlọ́mọ ló ń bu omi sí mi lọ́wọ́. Ọdún náà tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Gbogbo ayé ti wá wo bàbá rẹ tán, ìwọ nìkan ló kù.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jamnong.