Mo Ti Bá Ọ Gbé Mọ́tò Rẹ Lékè

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ara ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, ọ̀gá rẹ tó máa ń kanra ńkọ́? Ilé sàn, ìyá rẹ ń kí ọ. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ, yóò máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ, ohun tó o bá dáwọ́ lé kò ní bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Jókòó dáadáa kó o tó ka èyí tó kù, torí inú mi ń dùn débi pé mo rán àpò ẹ̀wù oníbàárà kan sí ẹ̀yìn láàárọ̀ yìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u tán ni.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò rẹ ni, èyí tó o fi sílẹ̀ sọ́dọ̀ wa nígbà tó o ní kò síbi tó o máa gbé e sí lọ́hùn-ún. O pè mí lórí fóònù, o ní kí n lọ sí ọ́fíìsì ìnṣọ́ránsì, kí n bá ọ dáhùn àwọn ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù, kí n sọ pé mọ́tò náà kì í jáde, torí pé owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí kì í sábà wakọ̀. O tún ní bí owó náà ò bá wálẹ̀, o máa ta mọ́tò náà kí oṣù yìí tó parí. Ọ̀rọ̀ títà yẹn ni kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ṣé a máa jí lọ́jọ́ kan ká má rí nǹkan rẹ kankan lójúdé wa mọ́ ni? Mo rò ó títí, mo wá rí i pé ọmọdé ṣì ń ṣe ọ́. Ta ló ń lọ bá àwọn akọ̀wé pé ohun ìní òun ò wúlò? Bí wọ́n bá gbọ́ pé ó kàn jókòó, ohun tí wọ́n máa sọ ò ju pé kó o tà á lọ. Mo ní ìyẹn ò ní ṣojú mi.

Mo wọ aṣọ mi tó dáa jù, mo lọ. Ọmọbìnrin akọ̀wé kan ló wà nídìí kọ̀ǹpútà, ó fa àga fún mi. Ó béèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó ni mọ́tò náà ń jáde lọ́dún. Mo ní lọ́dún kẹ̀? Mo ní lójoojúmọ́ ni, títí kan ọjọ́ ìsinmi. Ó ní bàbá, ṣé ó dá yín lójú? Mo ní ó dá mi lójú gbangba. Ó béèrè ẹni tó ń wà á. A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, mo ní ìwọ ni, àti dírẹ́bà méjì tí mo fi kún un. Ó béèrè ibi tó ń sùn. O mọ̀ pé abẹ́ páànù tí mo kàn fún un ló wà, pẹ̀lú aṣọ tí mo fi àjákù yunifọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé rán bò ó, ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀bá títì ló ń sùn, kí gbogbo ayé lè máa rí i. Ó wá béèrè bóyá ó ti kọlu nǹkan rí. Ibẹ̀ ni mo ti ronú wò. Bí mo bá ní rárá, ta ló máa gbà pé lóòótọ́ ló ń jáde? Ẹni tó ń rìn ló ń fẹsẹ̀ kọ. Mo ní ó ti gbá nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, kò sì fi bẹ́ẹ̀ le. Ó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Mi ò pe ìyẹn nírọ́, ìpọ́nlé ọmọ ẹni ni.

Èsì dé lánàá. Mẹkáníìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló bá mi kà á. Wọ́n ti yọ orúkọ rẹ kúrò láàárín àwọn tí kì í wakọ̀, wọ́n ti gbé ọ sáàárín àwọn tí mọ́tò wọn kì í sinmi, owó rẹ sì ti di ìlọ́po mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀. Ìlọ́po mẹ́ta, ọmọ mi. Ta ni wọ́n ń bu irú owó bẹ́ẹ̀ lé bí kì í bá ṣe ẹni ńlá? Mẹkáníìkì káwọ́ lérí, ó jókòó sórí táyà. Ìlara ò dáa. Ìyá rẹ pàápàá ní kí n lọ bi ẹlòmíì wò, mo ní kó fi mí sílẹ̀ kí n yọ̀. Ta ló máa wá ta mọ́tò tí ọ́fíìsì fúnra wọn ti ń gbé gẹ̀gẹ̀ báyìí?

Jọ̀ọ́, tètè fi owó náà ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n má baà dá ọ padà sísàlẹ̀. Bu díẹ̀ kún un fún èmi náà, torí owó ọkọ̀ tí mo wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì yẹn ò kéré, òwú mi ń tán lọ, afẹ́fẹ́ sì ti jò tán nínú táyà mọ́tò rẹ méjì. Ire la ó máa gbọ́ nípa rẹ, ọ̀nà rẹ á là, o ò ní ṣe kòńgẹ́ aburú.

Ó ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò sọ fún ìyá rẹ. Nígbà tí ọmọbìnrin yẹn béèrè iye ìgbà tí mọ́tò ń jáde lọ́dún, òtítọ́ ibẹ̀ ti dé ẹnu mi. Ẹ̀ẹ̀kan ni, ọjọ́ tó o wálé tó o fi gbé ìyá rẹ lọ ra bàtà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní ẹ̀ẹ̀kan, yóò mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan péré lọmọ mi wálé. Mi ò lè jẹ́ kí àjèjì fojú bẹ́ẹ̀ wò ọ́.

Èmi bàbá rẹ ni.