Àwọn Igi Pọ́pílà Tí Màmá Kò Jẹ́ Kí N Gé

Abúlé Sipandara,
Àfonífojì Bartang,
Tajikistan.
18 Oṣù Keje, 2019.

Qurbonsho, ọ̀rẹ́ mi tó ti di iyèkan,

Màmá rẹ wà láàyè. Mo mọ̀ pé a kì í bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà báyìí, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ojú rẹ máa wá gbólóhùn yẹn kiri láàárín ìkíni. Wọ́n wà láàyè, wọn kò fara pa, ilé yín sì dúró. Ó yá, jẹ́ kí n wá kí ọ dáadáa. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Mọ́sìkò? Shahlo ìyàwó wa ńkọ́? Parvina ọmọ wa, ṣé ó ti ń rìn? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ nítorí bíríkì tí ò ń rù, ṣé ó ti fúyẹ́ díẹ̀? Gbogbo wa ń mí níhìn-ín, a dúpẹ́.

Òpó fóònù wó lọ́jọ́ tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀, ìdí nìyẹn tí o kò fi rí ẹnì kankan bá sọ̀rọ̀. Awakọ̀ kan tó ń lọ sí Khorog ni yóò bá mi mú lẹ́tà yìí lọ.

O rántí pé nígbà ìrúwé lo ní kí n bá ọ gé àwọn igi pọ́pílà tí baba rẹ gbìn sétí odò, ká fi ṣe òrùlé ilé tuntun tí ò ń kọ́. Mo gbé àáké lọ lóòótọ́. Màmá fún mi ní tíì oníwàrà àti búrẹ́dì, wọ́n jẹ́ kí n jẹ tán, wọ́n wá gba àáké lọ́wọ́ mi, wọ́n jókòó lé e lórí. Wọ́n ní àwọn kò sọ pé ká má gé igi, nítorí òrùlé náà la ṣe ń gbìn ín. "Ṣùgbọ́n kó wá gé e fúnra ẹ̀. Mo fẹ́ fojú kàn án."

Ohun tí mo sọ fún ọ lórí fóònù nìyẹn, tí inú fi bí ọ, tí o kò pè wọ́n mọ́ látìgbà náà. Wọn kò fẹjọ́ rẹ sùn mí rí. Igi ni wọ́n kàn ń tọ́jú: wọn á ya omi sí i nídìí, wọn á rẹ́ ẹ̀ka ìsàlẹ̀ kí igi lè gún, wọn á fi ẹfun àti ìgbẹ́ màlúù kun èèpo kí ewúrẹ́ má baà bó o jẹ.

Ẹfun yẹn ni wọ́n ń kùn lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá. Èmi wà lórí òrùlé wa, mò ń yí èso ápíríkọ́tì tí a sá. Oòrùn mú janjan, òjò kankan kò rọ̀. Mo wá gbọ́ ìró kan látòkè, bí ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù rẹpẹtẹ ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ kò sọ́nà mọ́tò lọ́hùn-ún. Yìnyín orí òkè ló yọ́ tó ya, tó ń gbá ẹrẹ̀ àti òkúta bọ̀ nínú odò kékeré wa. Mo bẹ́ sílẹ̀, mo ń sáré, mo ń ké pe Màmá. O mọ̀ pé etí wọn kò gbọ́ dáadáa mọ́. Kí n tó dé ibi afárá, ẹrẹ̀ ti gbé afárá lọ.

Qurbonsho, mo dúró lódìkejì, n kò lè ṣe nǹkan kan. Ẹrẹ̀ náà ga ju èèyàn lọ, ó ń yí òkúta tó tó màlúù. Ó kọlu ìlà igi àkọ́kọ́, igi ń kán gbàgà gbàgà. Àwọn tó kán há sáàárín àwọn ti ẹ̀yìn, òkúta tó ń bọ̀ sì ń kó jọ sídìí wọn títí ó fi di ògiri. Ìlà ẹ̀yìn tẹ̀, ó tẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kò hú. Nígbà tí ẹrẹ̀ kò ríbi kọjá, ó yà gba oko ọ̀dùnkún, ó ṣàn lọ sínú odò ńlá. Kò kan ilé yín. Ṣùgbọ́n n kò rí Màmá. Zaragul ìyàwó mi ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. Èmi ti ń ro bí n ó ṣe sọ ọ́ fún ọ.

Nígbà tó rọlẹ̀, a tẹ́ pákó sórí ẹrẹ̀, a kọjá. Mò ń ké bí wèrè. Látorí ògiri òkúta tó yí ọgbà yín ká lẹ́yìn igi ni Màmá ti dáhùn:

"Kí lò ń pariwo mi kiri fún, bí ẹni ń kéde òkú? Wá gba ewúrẹ́ yìí, ó ti ta mí nípàá tó."

Wọ́n ní àwọn kò gbọ́ nǹkan kan, ilẹ̀ ló ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn, làwọn bá fa ewúrẹ́, àwọn gun ògiri ọgbà. Mo gbá wọn mọ́ra, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Wọ́n ń gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́, wọ́n ń bi mí bóyá ápíríkọ́tì mi kò bàjẹ́.

Kò sẹ́ni tó kú ní gbogbo abúlé. Ọ̀dùnkún lọ, ilé ẹran yín lọ, màlúù Shirinbek aládùúgbò wa náà lọ. Ẹnu wa yóò gbẹ díẹ̀ nígbà òtútù. Síbẹ̀, bí a bá jókòó jẹun báyìí, tí mo wo ojú gbogbo wọn yíká, ara mi á kàn balẹ̀ ni.

Màmá kò tilẹ̀ jẹ́ kí ẹrẹ̀ gbẹ. Wọ́n ń gé ẹ̀ka lára igi tó ṣubú, wọ́n ń fi gún ilẹ̀ rírọ̀ náà. Wọ́n ní púpọ̀ lè má hù nínú ooru yìí, ṣùgbọ́n èyí tó bá hù, ó hù náà nìyẹn. Lánàá mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń gbin èyí fún, nígbà tí yóò pẹ́ kó tó tó igi òrùlé, táwọn náà sì ti dàgbà. Wọn kò gbójú sókè.

"Fún ẹni tó bá wà nílé," ni wọ́n wí, wọ́n sì ní kí n pọn omi wá.

Bá mi kí Shahlo, fẹnu ko Parvina lẹ́nu fún mi. Zaragul ń kí yín. Wọ́n ní òpó fóònù yóò dìde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Pe Màmá.

Èmi ni, tìrẹ láti kékeré,
Imomdod.