Adéwálé sá fún kọ́ọ̀tù

Ìjerò, Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹta 1983

Kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ ti tú èmi àti Adéwálé ká lónìí. Fọlá ṣì ń mu ọmú nígbà tí bàbá rẹ̀ kó lọ bá obìnrin mìíràn ní Ìpòtì. Ọmọ ti ń lọ sílé ìwé báyìí, bàbá kò bèèrè rẹ̀ rí. Ìpòtì tí mọ́tò ń lọ láràárọ̀!

Akódà ní nígbà tí òun mú ìwé ìpè délé rẹ̀, ṣe ló sá wọ yàrá, tó ní kí ìyàwó sọ pé òun wà lóko. Ọkùnrin onírùngbọ̀n! Gbogbo kọ́ọ̀tù bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹjọ́ yìí kò ní dúró dè é mọ́."

Nírọ̀lẹ́, alùpùpù dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Òun ni. Ó ti gbọ́.

"Ìyá Fọlá, ta ló fún ọ láyè láti kọ̀ mí?"

Mo ní, "Ìwọ ni, Adéwálé." N kò pe orúkọ rẹ̀ lójú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ó tọrọ omi. Mo bù ú fún un bí mo ṣe ń bù ú fún àlejò tó ń kọjá lọ, mo sì dúró gba ife mi.