Ọjọ́ Mẹ́rin Tí Mo Fi Pè É Ní Palu

Màmá wa ní Pọbẹ̀,

Ọmọ-ọmọ yín ń mu wàrà agolo dáadáa. Ẹ̀yin gan-an ló jọ.

Lọ́jọ́ kẹta tí Adéṣọlá bímọ, ara rẹ̀ ń gbóná, ó sì ń gbọ̀n. Mo ní palu ni, ibà ẹ̀fọn yẹn. Mo ra oògùn palu ní Godomey, mo sì ń fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe kọ́ mi lórí fóònù. Ọjọ́ mẹ́rin la fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Dókítà ní èròjà purotéènì kan máa ń tètè pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ bí kòkòrò àrùn bá ti wọ̀ ọ́. Ká ní a tètè yẹ̀ ẹ́ wò, à bá ti fura. Ti Adéṣọlá ti pọ̀ jù. Kò tíì lajú láti àná.

Ẹ bá wa kí Bàbá. Kó tó di pé kò lajú mọ́, Adéṣọlá náà ní kí n kí yín. Ó ní omi gbígbóná yẹn tu òun lára.

Ọkọ ọmọ yín,
Adéògún