Sẹ́ẹ̀lì Arẹ́rìn-ín

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín, mo sì kí orúnkún tó ń yọ yín lẹ́nu. Kí ó ti rọlẹ̀ kí ìwé mi tó dé. Ara tèmi le. Ọkàn mi ni kò balẹ̀. Ìlara ń pa mí, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ṣé ẹ rántí ọmọbìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ níbi tí a ti ń ṣe oògùn, tí a ń pè ní Arẹ́rìn-ín? Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń di ìgò mú. Sẹ́ẹ̀lì, àwọn ohun alààyè tíntìntín tí à ń tọ́ nínú ìgò, tirẹ̀ ni ọ̀gá wa mú fún oògùn tuntun, ó fi tèmi sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. A máa ń fi àṣẹ sínú sẹ́ẹ̀lì pé kó máa ṣe purotéènì tí a fi ń po oògùn. A ó so àṣẹ yẹn mọ́ èyí tí sẹ́ẹ̀lì fi ń dá oúnjẹ ara rẹ̀ ṣe, a ó sì yọ oúnjẹ náà kúrò nínú omi wọn. Èyí tó bá ṣiṣẹ́ gan-an yóò yè, ọ̀lẹ yóò kú.

Àánú ló ṣe èmi. Bí tèmi ṣe ń kú, mo kán oúnjẹ díẹ̀ sí i. Háà, wọ́n pọ̀ bí èèrà! Mo wá ń yan fanda. Nígbà tí a wọn purotéènì wọn, kò tó nǹkan kan: àwọn ọ̀lẹ ni mo bọ́ yó. Arẹ́rìn-ín fi ebi pa tirẹ̀ láìwojú, ìwọ̀nba tó kù sì ń da purotéènì jáde wàràwàrà.

Ọ̀gá pàtẹ́wọ́ fún un, èmi náà pàtẹ́wọ́. Kí ló fi jù mí? Eyín lásán!

Kí Arẹ́rìn-ín tó lọ bímọ, èmi náà ló fi sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lé lọ́wọ́. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin nìkan ni mo fọkàn tán."

Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá ń kán oúnjẹ sí i díẹ̀díẹ̀, àwọn ọ̀lẹ yóò gbilẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ yóò bàjẹ́, wọn yóò sì sọ pé àánú mi náà ló fà á. Láàárọ̀ yìí mo ti fa oúnjẹ náà sínú síríńjì. Mo dà á nù, mo bú sẹ́kún, inú ṣì ń bí mi.

Kí Ọlọ́run fún yín ní àlàáfíà, kí ayọ̀ ẹlòmíràn má di ẹ̀gún lọ́fun ọmọ wa kankan.

Èmi ni,
Àbúrò yín òjòwú.

Àfikún: Arẹ́rìn-ín ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí ni, ó ti bí obìnrin. Kó tó sọ̀rọ̀ ọmọ, ó ní, "Àǹtí, sẹ́ẹ̀lì mi ńkọ́?" Mo ní, "Wọ́n dára ju tèmi lọ." Ẹ̀gbọ́n mi, ó dùn mí wọra láti sọ ọ́.