Ìtàn Ìgbésí Ayé Bàbá Wa, Dókítà Ẹ-Tún-Un-Wò

Ọdún 1953 ni a bí ọkọ, bàbá àti bàbá àgbà wa sínú ilé kékeré kan lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Káfíńtà ni bàbá tó bí wọn, ìyá wọn sì ń fọ aṣọ fún ilé ìwòsàn. Àwọn tó mọ Bàbá ní kékeré sọ pé ọmọ náà kì í gbọ́rọ̀ gbà lásán. Bí a bá ní omi gbóná, á kọ́kọ́ ti ìka bọ̀ ọ́.

Bàbá wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1959, wọ́n sì gboyè ìṣègùn ní 1978. Àtọ̀gbẹ, gẹ̀gẹ̀ àti àwọn àìsàn mìíràn tó ń da bí ara ṣe ń lo oúnjẹ rú ni wọ́n yàn láàyò. Àwọn òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ló sọ wọ́n ní Ẹ-Tún-Un-Wò, nítorí pé èsì àyẹ̀wò kan ṣoṣo kì í tẹ́ wọn lọ́rùn. Bí a bá ní Bàbá wa ò lágídí, irọ́ la pa.

Ní 1984, wọ́n fẹ́ Màmá wa, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lókè ilé ìtẹ̀wé. Kóòtù iṣẹ́ ni Bàbá gbé lọ rán, wọ́n sì dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta pé apá rẹ̀ kúrú. Màmá ní ẹ̀ẹ̀kan péré ló kúrú. Ìyókù, ojú òun ni wọ́n ń wá wò.

Ọdún 1991 ni ìdánwò ńlá dé. Màmá ń rù, omi ò tó wọn mu mọ́, aṣọ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn rán sì ń já bọ́ lára wọn. Ọ̀gá àgbà tí Bàbá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ àgbàlagbà ni, kí Màmá máa lo oògùn oníhóró, kí wọ́n sì ṣọ́ ẹnu. Màmá ṣe gbogbo rẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ò wálẹ̀. Ni àwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé wọ́n ń jẹ nǹkan dídùn ní kọ̀rọ̀. Àǹtí tó ń gbé lọ́dọ̀ wa tilẹ̀ gbé agolo ṣúgà pamọ́ sábẹ́ ibùsùn. Ó dun Màmá wọra.

Bàbá nìkan ló gba ìyàwó wọn gbọ́. Wọ́n ní ara Màmá ló ń bá ara rẹ̀ jà, tó ń ba ẹ̀yà inú tó ń pèsè ìnsúlínì, èròjà tó ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, jẹ́, abẹ́rẹ́ ìnsúlínì nìkan ló sì lè gbà wọ́n.

Ọ̀gá dáhùn pé, "Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Àwọn ọmọdé nìyẹn máa ń ṣe."

Bàbá ní, "Ọ̀gá mi, àìsàn kì í béèrè ọjọ́ orí lọ́wọ́ ẹni."

Ọ̀gá náà kì í ṣe ènìyàn búburú. Ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà gbà nígbà náà ló ń sọ, àwọn dókítà sì ṣì ń jiyàn lórí irú rẹ̀ títí dòní. Ó gbà kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ Màmá ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò lọ́nà jíjìn, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ kí èsì tó dé. Màmá gan-an ló wá kọ̀ jálẹ̀.

"Bàbá mi gba abẹ́rẹ́ yẹn, wọn ò lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ láyé. Ẹ má fi pa mí."

Bàbá ní, "Abẹ́rẹ́ kọ́ ló pa wọ́n. Ó pẹ́ kó tó dé ni."

Bàbá fa omi iyọ̀ sínú abẹ́rẹ́, wọ́n fi gún itan ara wọn níṣojú Màmá. Màmá wo ojú ọkọ wọn tó fún pọ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ̀yin dókítà náà lẹ ń ṣe báyìí? Ó yá, ẹ gún mi."

Kò pẹ́ tí ara fi ń padà bọ̀. Èsì dé, ó gbe Bàbá lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá wá sílé wá kí wọn, àǹtí sì gbé agolo ṣúgà jáde. Ní 1994, Màmá bí àbígbẹ̀yìn wa. A dúpẹ́, a ò lè dúpẹ́ tán.

Ní ilé ìjọsìn, Bàbá kì í tètè dé, wọn kì í sì í tètè lọ. Bí ìsìn bá parí, wọ́n á ní kí àwọn alátọ̀gbẹ bọ́ bàtà kí wọ́n lè yẹ ẹsẹ̀ wọn wò, nítorí igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Lọ́jọ́ ogbó, wọ́n ń bá àwọn dókítà kékeré jiyàn pé kí wọ́n má fi dandan fa ṣúgà arúgbó wálẹ̀ bíi ti ọ̀dọ́, kí òòyì má baà kọ́ ọ, kó ṣubú nígbà tí kò sí ẹnì kankan nílé.

Bàbá jáde láyé ní 2024, lẹ́ni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Wọ́n fi ìyàwó, ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ márùn-ún sáyé.

Bí a ti ń sunkún, a ṣì ń ríran. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo tí Bàbá ń bẹ Ọlọ́run láti 1991 ni pé kí Màmá má ṣáájú àwọn lọ. Ọlọ́run gbọ́. Màmá wa gba abẹ́rẹ́ wọn láàárọ̀ yìí, wọ́n sì wá sin ọkọ wọn.

Bàbá, ẹ sùn re o. A ó máa tọ́jú wọn.