Ojú Olúdayọ̀ Lára Ilẹ̀kùn ní Vidin

Märkisches Viertel,
Berlin.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹwàá, 2024.

Ọláṣùpọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo ilé ní Rothenburgsort? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé orúnkún rẹ ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn? Èmi wà. Fọláwùnmí, ọmọ ìjọ wa, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti sọ fún un pé kó má bu iyọ̀ sí i.

Mo ti lọ sí Vidin ní Bulgaria, níbi tí Olúdayọ̀ ọmọ mi kú sí lọ́dún tó kọjá. Ìlú àtijọ́ ni, létí odò Danube. Ilé olódi ńlá kan wà létí omi. Àwọn tó kọ́ ọ ti kú tipẹ́tipẹ́. Romania ló wà ní òdìkejì, orí afárá ibẹ̀ ni Olúdayọ̀ máa ń wa tírélà gbà. Mo wo gbogbo rẹ̀. Nǹkan kan ò ṣe mí. Láti ìgbà tí Roseline ìyàwó mi ti kú ni mo ti rí bẹ́ẹ̀.

O kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ fojú kan ibojì ọmọ mi. Mi ò dé ibẹ̀. Anna ìyàwó rẹ̀ àti Dúnní ọmọ wọn ló lọ ní àyájọ́ ọdún kan, èmi dúró sílé wọn. Ìgbà tí mo yọjú síta, Olúdayọ̀ ló ń wò mí lára ilẹ̀kùn: àwòrán rẹ̀ lórí bébà tí wọ́n fa ìlà dúdú yí ká. Anna ti lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jáde. Bí wọ́n ṣe ń ṣe fún òkú níbẹ̀ nìyẹn, lọ́dọọdún. Mi ò mọ̀. Nílé wa, ta ló ń lẹ bébà òkú ọ̀dọ́? Mo ṣí i kúrò, mo ká a sápò.

Nígbà tí wọ́n dé, Dúnní wo ilẹ̀kùn, ó wò mí. Opa, ìyẹn bàbá àgbà, ló máa ń pè mí. Ó fi èdè Jámánì bi mí pé, “Opa, ta ló mú bàbá mi kúrò?”

Mo ní èmi ni.

Ó ní, “Ẹ dá a padà o. Àwọn ará ilé kejì ò tíì kí i!”

Anna kàn gbé gọ́ọ̀mù síwájú mi.

Ọláṣùpọ̀, mo lẹ̀ ẹ́ padà. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀. Arúgbó obìnrin kan tó ń kọjá dúró, ó kà á, ó di ọwọ́ mi mú, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mi ò sunkún. Bí mo bá ṣe ohun tí bàbá kì í ṣe, má bá mi jà.

Àwòrán láísẹ́ńsì ọkọ̀ rẹ̀ ni Anna lò, ó fajú ro nínú rẹ̀. Èyí tí ẹ jọ yà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ, níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín, ni mo fẹ́. Fi ránṣẹ́ sí mi. Òun ni wọn yóò lẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, bí mo wà, bí mi ò sí.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Oyèbánjí.